Ta Ni Ọjọ́ Olóhun Máa Ń Bá?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò yọ ilé kankan sílẹ̀.

Àwọn àgbà ló sọ pé ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Láti kékeré la ti ń gbọ́ òwe yìí, òun la sì fi ń dẹ́rù ba ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ́. Àmọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rántí pé olè náà ti gbọ́ òwe yìí rí? Ìyá tirẹ̀ náà pa á fún un. Ó mọ̀ dájú pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tọ́wọ́ máa tẹ òun. Kí ló wá ń ṣe sí ọjọ́ kan yẹn? Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí, orí àwọn onífàyàwọ́ oògùn olóró la ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn tó ń gbé kokéènì, heroin, igbó àti tramadol kọjá ní bodè àti ní pápákọ̀ òfurufú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí ọjà Mile 12 ní Èkó. Ìyá tó ń ta tòmátì níbẹ̀ mọ̀ pé gbogbo apẹ̀rẹ̀ tó gbéra ní Kánò tàbí Kàdúná kọ́ ló máa dé ní pípé. Ooru á mú àwọn kan, ọkọ̀ lè kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn kan á sì jẹrà. Ìyá yìí kì í torí ìyẹn káwọ́ lérí. Kó tó dá iye lé tòmátì, ó ti gbé owó èyí tó máa jẹrà lé èyí tó máa dé lórí. Ẹni tó bá ra èyí tó dára ló ń san owó èyí tó bàjẹ́.

Bí ọ̀gá onífàyàwọ́ ṣe ń ronú nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹni tí ìwé ìròyìn wa ń pè ní bárọ́ọ̀nù kì í ṣe ẹni tí kò mọ ewu. Ó mọ̀ ọ́n ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ó ti wọ̀n ọ́n, ó ti dá iye lé e, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ní ọdún 1986, ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Peter Reuter àti Mark Kleiman, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú àpilẹ̀kọ kan tó gbajúmọ̀. Wọ́n ní apá tó pọ̀ jù nínú owó gọbọi tí oògùn olóró ń pa kì í ṣe owó oko, kì í sì í ṣe owó ọkọ̀. Owó ewu ni. Kílò kokéènì kan tí kò ju nǹkan bíi 2,000 dọ́là lọ ní Kòlóńbíà máa ń di ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá fi máa dé ọjà Yúróòpù. Ohun tó wọ́n lójú ọ̀nà yẹn kì í ṣe epo bàálù. Ẹ̀wọ̀n ni, àti ikú, àti ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní ọ̀gá kan ra ẹrù mẹ́wàá ní mílíọ̀nù náírà kọ̀ọ̀kan. Ó wá èèyàn mẹ́wàá tó máa gbé e. Ó ní tí wọ́n bá dé ọ̀hún láyọ̀, òun á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù kan. Ẹrù kọ̀ọ̀kan tó bá débẹ̀ á di mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ọwọ́ wá tẹ mẹ́ta nínú wọn, méje lọ láìséwu. Ọ̀gá gba àádọ́rin mílíọ̀nù. Ẹ yọ mílíọ̀nù mẹ́wàá tó fi ra ọjà, ẹ yọ méje tó san fún àwọn tó dé. Mílíọ̀nù mẹ́tàléláàádọ́ta ló kù sí i lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta tó wọ gàù ńkọ́? Wọn ò dé, kò sanwó fún wọn. Nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, tòmátì tó jẹrà ni wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pin sí méjì rèé. Ọ̀gá lè sọ pé mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni òun pàdánù, kó sì sùn lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, tẹsẹ̀ torí ló máa wọlé. Èèyàn mẹ́wàá ni ọ̀gá ní láti fi dán an wò. Ẹyọ ẹ̀mí kan ṣoṣo ni ẹni tó ń gbé e ní. Ewu kan náà ni wọ́n jọ ń wò, àmọ́ ojú tí wọ́n fi ń wò ó ò jọra.

Ta wá ni onífàyàwọ́ ń bẹ̀rù gan-an? Ẹ lè rò pé aṣọ́bodè ni, tàbí ajá tó ń gbóòórùn ẹrù, tàbí ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun. Ọ̀mọ̀wé méjì mìíràn ní Amẹ́ríkà, Scott Decker àti Margaret Townsend Chapman, lọ bá èèyàn 34 lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ti ṣe fàyàwọ́ oògùn olóró ní ìwọ̀n ńlá ni wọ́n. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ ní ọdún 2008. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé alákòóbá tó wà láàárín wọn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n jù, ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu, tó máa wá lọ ṣòfófó. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ wo ti José Américo Bubo Na Tchuto, ọ̀gágun tó ti ṣe olórí ọmọ ogun ojú omi ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau. Láti ọdún 2010 ni Amẹ́ríkà ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó ń ṣòwò oògùn olóró. Kò rọrùn fún wọn láti wọ ìlú rẹ̀ lọ mú un. Ní April ọdún 2013, àwọn kan tó ń pe ara wọn ní oníṣòwò láti Gúúsù Amẹ́ríkà bá a dá òwò kokéènì pọ̀, wọ́n sì fà á jáde sójú òkun. Àṣé ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti oògùn olóró ló rán wọn. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó gbà pé òun jẹ̀bi, adájọ́ sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin ní 2016. Ọ̀gágun tí ọkọ̀ ogun ò rí mú, ẹni tó jókòó tì í nídìí tábìlì ló mú un.

Nítorí ìbẹ̀rù yìí ni wọ́n ṣe ń gé ìmọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó ń rà kò mọ ẹni tó ń gbé. Ẹni tó ń gbé kò mọ ju ẹnì kan lọ, orúkọ tó sì mọ onítọ̀hún mọ́ lè má jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá tẹ ẹni tó wà nísàlẹ̀, kò ní ohun tó máa jẹ́wọ́. Ẹ kíyè sí i o: nígbà tí wọ́n bá sọ fún ọmọ yín pé kó má bèèrè ohun púpọ̀, pé torí ààbò tirẹ̀ ni, irọ́ ni. Ààbò ọ̀gá ni.

Ohun kejì tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n máa yí ọ̀nà padà. Òkété wọn kì í ní ihò kan. Ní òpin ọdún 2003, ìjọba Netherlands bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo èrò àti gbogbo ẹrù inú àwọn bàálù kan wò pátápátá ní pápákọ̀ òfurufú Schiphol ní Amsterdam, ìyẹn àwọn bàálù tó ń bọ̀ láti Suriname àti àwọn erékùṣù bíi Curaçao àti Aruba. Kì í ṣe pé wọ́n ń mú ẹni tí wọ́n bá fura sí nìkan. Gbogbo èrò ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Láàárín ọdún díẹ̀, iye àwọn tó ń gbé kokéènì mì gba ọ̀nà yẹn já wálẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n kokéènì ò tán láyé. Lásìkò yẹn kan náà, àwọn onífàyàwọ́ ń wo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe nítorí Schiphol nìkan. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló pàdé. Wọ́n rí ìlú tí owó oṣù sójà kò tó jẹun, tí erékùṣù pọ̀ lójú omi rẹ̀, tí kò sí ọkọ̀ tó máa ṣọ́ wọn. Láti nǹkan bí ọdún 2005, Guinea-Bissau di ibùsọ̀. Ní November ọdún 2009, wọ́n rí àjókù bàálù ńlá kan, Boeing 727, nínú aṣálẹ̀ Mali nítòsí Tarkint. Láti Venezuela ló ti wá. Ẹni tó lè fi odindi bàálù sílẹ̀ nínú iyanrìn, ẹ rò ó wò, kí ni òwò yẹn ń pa fún un? Bàálù náà wà lára tòmátì tó jẹrà.

Ọ̀rọ̀ náà sì dé ìloro wa. Ní September ọdún 2022, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, já wọ ilé kan ní Ìkòròdú. Kokéènì tó tó tọ́ọ̀nù kan àti ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tọ́ọ̀nù ni wọ́n bá níbẹ̀. Àárín àdúgbò táwọn èèyàn ń gbé ni wọ́n kó o sí. Ó hàn gbangba pé ẹni tó kó ẹrù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ ti ronú. Ibi táráyé ò ní fura sí ló wá.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbé e. Lọ́jà wa, ẹni tó ń fi orí ru ẹrù ẹlẹ́rù là ń pè ní alábàárù. Orúkọ tí màá pe òun náà nìyẹn lónìí, torí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2014, ọ̀mọ̀wé kan, Jennifer Fleetwood, gbé ìwé jáde lórí àwọn obìnrin tí wọ́n wà lẹ́wọ̀n ní Ecuador nítorí pé wọ́n gbé kokéènì. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, alábàárù kì í yan iye ẹrù, kì í yan ọjọ́, kì í yan ọ̀nà. Àwọn mìíràn ò mọ ohun tó wà nínú ẹrù dájú. Ohun mẹ́ta tó yẹ kéèyàn fi wọn ewu wò, ọwọ́ ẹlòmíràn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Kí wá ni alábàárù fi ń tu ara rẹ̀ nínú? Ní ilẹ̀ wa, a mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á lọ bá babaláwo fún àféèrí, kójú má lè rí i. Ẹlòmíràn á mú ìwé ìrìnnà lọ sórí òkè àdúrà. Òmíràn á ní kí àáfà bá òun wo ọjọ́ tó dára. Èmi ò bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wo inú èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà tàbí ti Addis Ababa kò ní ojú tí àféèrí máa bò. Ohun tí ẹlòmíràn sì gbé mì sínú, bó bá bẹ́, ikú lè dé kí bàálù tó balẹ̀.

Bí alábàárù bá wá lọ lẹ́ẹ̀kan tó bọ̀, ó ti parí. Á ní kò séwu lóko, àfi gìrì àparò. Oríire tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan ló ń pè ní ọgbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó ní òun fẹ́ ṣe kóun fi dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ á di ẹ̀ẹ̀mejì, á di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Tẹ́tẹ́ ni, ẹni tó bá sì jẹ tẹ́tẹ́ lákọ̀ọ́kọ́ ló máa ń ṣòro fún jù láti dìde.

Àwa aládùúgbò náà sì ń bá a ba ìṣirò jẹ́. Ẹni tó ti òkè òkun dé tó kọ́ ilé alájà, gbogbo wa la rí i. A lọ síbi ìṣílé, a náwó fún olórin, a jẹ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìyá Sikírá tó wà lẹ́wọ̀n ní São Paulo, ta ló gbọ́ nípa rẹ̀? Ìyá rẹ̀ á ní ọmọ òun ń bẹ lókè òkun, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó wálé. Ojútì ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ilé alájà ń pariwo, ẹ̀wọ̀n kì í pariwo. Ọ̀dọ́ tó jókòó sójúde tó ń ka àwọn tó là, kò sẹ́ni tó ka àwọn tó sọnù fún un. Báwo ni ìṣirò tirẹ̀ ṣe fẹ́ pé?

Ẹlòmíràn tilẹ̀ wà tí kò gbà láti gbé nǹkan kan. Ní ìparí ọdún 2018, àwọn agbófinró ní Saudi Arabia mú ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ fásitì kan tó ti Kánò lọ ṣe Umrah. Wọ́n ní wọ́n bá tramadol nínú báàgì tó ní orúkọ rẹ̀ lára. Báàgì náà kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn kan ní pápákọ̀ òfurufú Kánò ló lẹ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ẹrù tiwọn. Ìdájọ́ ikú ni ilẹ̀ yẹn lè fi san án. Ọlọ́run ló yọ ọ́, pẹ̀lú ariwo bàbá rẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́, àti ìwádìí tí NDLEA ṣe. April ọdún 2019 ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Òkè téńté ohun tí mò ń sọ bọ̀ nìyẹn: àwọn wọ̀nyí kì í pa ewu run, wọ́n ń gbé e lé ẹlòmíràn lórí ni, kódà bí onítọ̀hún kò mọ̀.

Ẹnì kan á ní, “Ẹ pa wọ́n, kí wọ́n lè gbọ́n.” A ti dán ìyẹn wò. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbé Òfin 20 jáde ní ọdún 1984. Ní April ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó lórí ẹ̀sùn oògùn olóró, òfin náà sì bá ẹ̀sùn tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Aráyé pariwo. Nígbà tó di ọdún 1986, ìjọba tó gbapò yí ikú padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Òwò náà kò dúró. Ó tún gbilẹ̀ débi pé wọ́n ní láti dá NDLEA sílẹ̀ ní ọdún 1989, Amẹ́ríkà sì sọ ní ọdún 1994 pé Nàìjíríà kò ṣe tó lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ní January ọdún 2007, Singapore yẹgi fún ọmọ Nàìjíríà kan tí kò ju ẹni ọdún 21 lọ, torí heroin tí kò tó kílò kan. Bọ́ọ̀lù ló ní òun fẹ́ lọ gbá ní Éṣíà. Ní April ọdún 2015, Indonesia yìnbọn pa ẹni mẹ́jọ lóru ọjọ́ kan, ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹ bi ara yín: ṣé ìbọn yẹn dún létí ọ̀gá? Ọrùn ẹlòmíràn ni okùn bọ̀. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, owó ọjà ló lọ sókè.

Ará Ítálì kan, Cesare Beccaria, ti kọ ọ́ láti ọdún 1764 pé bí ìyà ṣe dájú tó ló ń dá ọ̀daràn lọ́wọ́ kọ́, kì í ṣe bó ṣe le tó. Schiphol kò pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe ni pé kò sí àǹfààní “bóyá wọn ò ní rí mi.” Bóyá yẹn gan-an ni ọjà tí ọ̀gá ń tà fún alábàárù. Bí bóyá bá tán, ó di dandan kó wá ibòmíràn lọ.

Nítorí náà, ohun tó yẹ ká bèèrè lọ́wọ́ ìjọba kì í ṣe ìbọn. Ká ní kí wọ́n tọ owó lẹ́yìn dé ilé ẹni tó ni ín, kí wọ́n gba ilé náà, kí wọ́n gba mọ́tò. Ká ní kí wọ́n dáàbò bo ẹni tó bá sọ òótọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Ká ní kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹrù ní pápákọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá rí i pé òun gan-an lè jẹrà lọ́nà, ọjọ́ yẹn ni ìṣirò rẹ̀ á dàrú.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wálé tó ní ẹnì kan fẹ́ san owó bàálù òun lọ sí Brazil fún ọ̀sẹ̀ kan, á sì tún fún òun lówó lórí ẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í pé, “Kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò lọ?” Ẹ̀yin arìnrìn-àjò, ẹ má gba ẹrù ẹnikẹ́ni dání, ì báà ṣe ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti àna, tí ẹ kò bá tú u wò. Ẹ ka báàgì yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó kúrò nídìí kántà. Ìdílé tí ọmọ wọn sì wà lẹ́wọ̀n nílẹ̀ òkèèrè, mo bẹ̀ yín, ẹ má bò ó mọ́. Ẹ sọ ọ́, kí ọmọ ẹlòmíràn lè kà á mọ́ ìṣirò tirẹ̀.

Àti ìwọ ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń bá sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ti sọ fún ẹ pé ewu ò pọ̀, pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń lọ tó ń bọ̀. Má bá wọn jiyàn. Béèrè nǹkan kan ṣoṣo: ta ni ẹnì kẹwàá? Ọ̀gá ẹ ti mọ̀ tipẹ́ pé ọjọ́ kan ni tolóhun. Ìyẹn ló ṣe ń wá ẹni tí ọjọ́ náà máa bá.